Àwọn Káàdì Láti W Títí Dé Z

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà

Olóòtú ilé ìtẹ̀wé wá fúnra rẹ̀ lónìí. Kò jókòó. Ó ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni gbèdéke, pé bí ìyókù ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kò bá dé ọ̀dọ̀ òun lọ́jọ́ yẹn, òun á gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti ń dúró, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò sì ṣáájú ti ọkọ mi lára èèpo ìwé.

"Ẹ má bínú, mà. Ọdún mọ́kànlá ni ọ̀gá fi ṣe é, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń dúró de ìwé ò mọ̀."

Mo ní kò burú. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo ka káàdì tó kù. Igba ó lé ọgọ́ta ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀wé rẹ̀ tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo. "Wage" ló kọ ìtumọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀ ni kí n máa tẹ ohun tó bá kọ sínú kọ̀ǹpútà. Ní báyìí èmi ni kí n kọ ọ́, èmi náà ni kí n tẹ̀ ẹ́.

Màmá, ìyá ọkọ mi, bèèrè ẹni tó wá. Mo ní olóòtú ni. Ó ní, "Ṣé ó gbúròó ọmọ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àlàáfíà ló wà. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti ń pa irọ́ yìí, kò nira mọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló là á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a ti ibi ìsìnkú dé: ẹ̀jẹ̀ Màmá ga, ọkàn rẹ̀ kò lágbára, kò gbọdọ̀ gbọ́ pé àbíkẹ́yìn òun dorí kodò lórí tábìlì níbi iṣẹ́, kò sì gbórí sókè mọ́. Ó lọ sí òkè òkun nítorí ìwé, ohun tí a sọ nìyẹn. N kò wọ dúdú. N kò sunkún, torí Màmá wà nílé. Nígbà tó jáde lọ sí ọjà, mo gbìyànjú ẹkún náà wò, kò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òun àti Màmá máa ń jókòó sí. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé. Awò ojú rẹ̀ ni mo wọ̀, torí ìkọ̀wé yẹn ju agbára ojú mi lọ. Màmá wà lórí àpótí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Òfin ọkọ mi ni pé ìtumọ̀ tí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá kò bá lè tipasẹ̀ rẹ̀ dárúkọ nǹkan náà, kì í ṣe ìtumọ̀. Á ka ìtumọ̀ fún Màmá, Màmá á sọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àǹfààní rẹ̀. Bó bá gbà á, a ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì: Màmá mọ̀ ọ́n, ìgbà kìn-ín-ní, tàbí ìgbà kejì. Bí kò bá gbà á, a ó ya káàdì, a ó kọ òmíràn. Láti B títí dé ibi tó bá a dé, ọwọ́ Màmá ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá. Lẹ́tà A nìkan ni kò bá wa ṣe, torí kò tíì máa gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Bíríkìlà kan ló dán lẹ́tà A wò. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbà ní ìgbà kìn-ín-ní, tí inú ọkọ mi ń dùn, àṣé ọkùnrin náà ti fi ọdún mẹ́fà se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó, ó kàn ń yọjú wo ọ̀rọ̀ tó wà lókè káàdì ni. Ọkọ mi kò dárí jì í títí tó fi lọ.

Mo kà á fún Màmá: "Ohun tí a fi búlọ́ọ̀kù tàbí amọ̀ mọ, tó ya yàrá kan kúrò lára èkejì."

"Ògiri. Kí ló tún kù?"

"Kòkòrò oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ta bí oyin, àmọ́ tí kò ní oyin nílé."

"Agbọ́n. Ó ta ọmọ mi létí rí nígbà tó wà ní kékeré. Etí náà wú bí bọ́ọ̀lù." Ó rẹ́rìn-ín. "Bó bá pè ọ́, bi í léèrè. Á rántí."

Mo ní màá bi í. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn "wasp": Màmá mọ̀ ọ́n, ìgbà kìn-ín-ní.

Mọ́kàndínlógún lónìí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Mẹ́rìnlá. Bébà ìtẹ̀wé ti tún gbówó lórí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé búrẹ́dì àti irọ́ tuntun wá. Ó ní àbúrò òun pe òun láàárọ̀ àná, pé òtútù pọ̀ lọ́hùn-ún, pé ó ní kí òun kí Màmá.

"Ṣé ó ń jẹun?" Màmá ní.

"Ó ń jẹun dáadáa, Màmá."

"Ṣé ó ń ríran?"

"Ó ń ríran kẹ̀! Kí ló dé?"

"Mo kàn bèèrè ni."

Nígbà tí mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyàwó wa, o kú ìfaradà. Má jẹ́ kó yọ sójú o." Mo ní kò sí nǹkan tó fẹ́ yọ. Òótọ́ ni mo sọ. Bí wọ́n bá tú inú mi yẹ̀ wò, bébà ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọgọ́ta ti kọjá. Bó bá ń lọ báyìí, a ó parí kí gbèdéke tó pé, àyè á ṣẹ́kù fún títẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè nígbà tí mo ń fọ abọ́, mo gbé fóònù sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè máa jáde. Ó ní, "Yàrá rẹ ti wà nílẹ̀, a ti kùn ún ní ọ̀dà. Ìwé yẹn nìkan ló ń dá ọ dúró, àbí?"

"Òun nìkan ni."

"Bó bá wá tán ńkọ́?"

"Bó bá tán, màá máa bọ̀ nílé."

Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe yíjú, Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà dání. Mo sáré ṣàlàyé pé mo kàn fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Nǹkan kan ń ṣe Màmá.

Mo ka "well" fún un: "Ihò jíjìn tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ kí á lè máa fa omi níbẹ̀."

"Ṣé sàréè ni?"

"Rárá, Màmá. Omi."

"Kòtò ìdọ̀tí?"

"Omi mímu, Màmá."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Màmá tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le láti ibi okùn kànga! Mo ya káàdì náà. Mo ka "wet", kò mọ̀ ọ́n. Mo ka "white", ó ní ṣé pupa ni. Mẹ́ta péré ló kọjá lónìí nínú méjìdínlógún.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

"Widow" ló kàn. Mo kọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìdúró ronú: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, kò sí èyí tí mo pa rẹ́. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi ì bá yìn mí. Ìgbà tí mo gbé e sókè láti kà á ni mo rí i pé n kò lè kà á fún Màmá. Mo tì í sábẹ́ àpótí káàdì.

"Kí nìyẹn?"

"Ó bàjẹ́, Màmá."

Lẹ́yìn ìyẹn, kò gba ẹyọ kan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀rù bà mí pé iyè Màmá ti ń ra. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó gbé e lọ bá dókítà. Dókítà bi í ní ọjọ́, oṣù, orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Màmá dáhùn gbogbo rẹ̀, ó wá fi iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà ní ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kún un, ó sì bi dókítà pé ta ló ń fọ aṣọ fún un tí kò rí i pé bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já. Dókítà ní, "Orí Màmá yìí pé ju tèmi lọ."

Lọ́sàn-án mo ka "window": "Ihò tí a dá sára ògiri kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè wọlé."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Màmá ní. Ó fẹ̀yìn ti fèrèsé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ní kí n wá ẹlòmíràn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo kó káàdì díẹ̀ lọ bá télọ̀ tó wà níwájú ilé wa, tó máa ń sọ pé òun ò mọ A yàtọ̀ sí B.

"Ohun eléyín tí a ń fà sókè láti fi pa ẹnu ṣòkòtò dé."

"Síìpù!" Inú rẹ̀ dùn.

"Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn o."

"Èwo? Síìpù? Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni ẹ wá fẹ́ kí n pè é?"

Mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ọṣẹ. Gbogbo wọn ló ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló sì ń fi dá mi lóhùn. Ó ti di eyín lẹ́nu wọn, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n ń fi í jẹun. Màmá nìkan ló kù ní gbogbo àdúgbò yìí tí ẹnu rẹ̀ ṣì mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo mú "wheel", mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Màmá mọ̀ ọ́n, ìgbà kejì. Mo wò ó. Ta ni yóò mọ̀? Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà káàdì ló wà nínú ilé yìí, ọkọ mi kò kọ irọ́ sẹ́yìn ìkankan. Mo ti purọ́ lójú Màmá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àmọ́ n kò lè pa á sẹ́yìn káàdì. Mo ya á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọwọ́ mi láàárọ̀. Òórùn ara tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìrora náà dé lẹ́yìn tí mo ti lọ aṣọ kejì tán, ó sì wá jẹ́jẹ́ bí àlejò tí kò dá a lójú pé ilé tó ń wá nìyí. Màmá fi omi tútù sí i fún mi. Ó ní, "O ò tilẹ̀ ké?"

Márùn-ún lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti dé Y. Èyí tí Màmá kò gbà pẹ̀lú èyí tí n kò tíì kà jẹ́ àádọ́jọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

"Ọjọ́ tó kọjá kí òní tó dé."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo pariwo mọ́ ọn. Èmi, mo pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi! "Màmá, àná ni! Àná! Ẹ ò mọ àná?"

Ó wò mí títí. "Mo mọ àná," ó ní. "Ta ni kò mọ àná?" Ó dìde, ó wọlé lọ.

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ nínú ìwé yìí, ìbínú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mọ́ mi. Ó gbóná, mo sì mọ̀ pé ó gbóná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Màmá ló gbé àpótí káàdì jáde fúnra rẹ̀ lónìí, n kò tíì fọ abọ́ tán.

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?" ó ní. "Èyí tí o fi pamọ́."

"Ó bàjẹ́, Màmá."

"Kà á bẹ́ẹ̀."

Mo wọ awò ojú. Mo kà á bí mo ṣe ń ka àwọn yòókù. "Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú."

Kò ronú rárá. "Ìwọ ni," ó ní.

Mo ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn nínú ilé.

"Yọ ohun tó wà lójú rẹ yẹn." Mo yọ ọ́. "Láti ìgbà tó ti wà ní kíláàsì kẹrin ni kò ti lè rí ẹnu ọ̀nà láìsí i. Bó bá fẹ́ wẹ̀, á gbé e síbi tí ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Ó wá lọ sí òkè òkun, ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ? Ojoojúmọ́ lò ń wọ̀ ọ́ jókòó síwájú mi, tí o ń sọ fún mi pé àlàáfíà ló wà."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn lóòótọ́. N kò tilẹ̀ rò ó rí.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Màmá?"

"Ọjọ́ tí ẹ sin ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà wo lo rí ìyẹn kó rẹ́rìn-ín rí?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó ń ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ etí aṣọ, ó ń yọ ọ́. "Lẹ́nu yín, ó ṣì ń jẹun. Òtútù ṣì ń mú un. Mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ọ."

Mo bi í léèrè kànga, mo bi í léèrè fèrèsé àti àná. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Pé bí ìwé bá tán, wàá máa lọ. Mo wá ronú pé bí mi ò bá ti mọ̀ ọ́n, kò lè tán."

Màmá sunkún nígbà náà, láìpariwo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Èmi kò sunkún. Ó wù mí kí n lè kọ ọ́ síbí pé mo sunkún.

Nígbà tó yá, mo sọ fún un nípa ọgbọ̀njọ́, àti orúkọ tí yóò ṣáájú lára ìwé. Kò gbọ́ ìyẹn rí. Ó nu ojú.

"Orúkọ ta ni?"

"Ti ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Màmá."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wo? Ṣé agbọ́n ti ta òun rí? O ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí! Kà á. Kà á, jàre." Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. "Má sì sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ pé mo mọ̀ o. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ga."

Mo kọ́kọ́ yí káàdì tó wà lọ́wọ́ mi padà. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Màmá mọ̀ ọ́n, ìgbà kìn-ín-ní.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àádọ́rùn-ún láti àárọ̀! Màmá ń dáhùn kí n tó kà á dé ìdajì, mo ní láti máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n parí gbólóhùn. Kànga, fèrèsé, àná, gbogbo wọn. "Zebra" nìkan ló fẹ́ dá wa dúró.

"Ẹranko tó jọ ẹṣin, tó ní ilà dúdú àti funfun yí gbogbo ara ká."

"Ẹṣin tó wọ aṣọ onílà. Mi ò rí i rí, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ bó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, màá dá a mọ̀."

Mo rò ó. Mo gbà á wọlé. Ọkọ mi náà ì bá gbà á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ó tán ní agogo mẹ́rin. "Zoo" ló kẹ́yìn. Mo tẹ̀ ẹ́. Màmá fi búrẹ́dì tọ́jú mi.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ olóòtú kí wọ́n tó ṣí géètì. Ó fi àwòrán èèpo ìwé hàn mí. Orúkọ ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo ní ó dára. Olóòtú ní bí mo bá rí àṣìṣe kankan láti ìsinsìnyí lọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà àtúntẹ̀ ni wọ́n á tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọkọ̀ wá ní agogo méjì. Mo ti di ẹrù mi láàárọ̀, báàgì méjì. Ó ní òun ò ní wọlé, kí n tètè máa bọ̀. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ dágbére.

Màmá wà lórí àpótí rẹ̀. Ó ti wọ inú yàrá ìwé lọ, ó ti wọ́ àpótí káàdì kan jáde tí eruku bò, èyí tí kò fọwọ́ kàn rí. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti nu awò ojú ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Ti bíríkìlà yẹn," ó ní. "Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe máa fi sílẹ̀? Jókòó. Kà á."

Mo jókòó. Mo mú káàdì kìn-ín-ní nínú A. "Abandon" ni. Ìkọ̀wé ọkọ mi ni, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí ó ṣì ń kọ ọ́ gàgàrà. Mo kà á: "Láti kọ ẹnì kan sílẹ̀ kí a sì máa bá tiwa lọ."

Màmá wo òrùlé. "Ṣé kí èèyàn jẹun ni?"

"Rárá, Màmá."

"Kí èèyàn sùn?"

"Rárá, Màmá."

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó ronú, tàbí kó ṣe bí ẹni ń ronú. "Ó tán," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ fèrè ọkọ̀ lóde. N kò rí káàdì náà dáadáa mọ́, torí omi ń bọ́ lójú mi sórí rẹ̀, ó ń pọ̀ sí i, n kò sì lè dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé. Màmá kò sọ pé kí n dákẹ́. Nígbà tí mo lè di bírò mú, mo yí káàdì náà padà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀: Màmá kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà mo jáde lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé iṣẹ́ kò tíì tán.